Ẹ Má Di Imú Ọmọ Nítorí Oògùn

Ìyá Àgbà yín tún dé bí a ti ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ orogún méjì tí mo ṣèlérí pé n ó parí lọ́sẹ̀ yìí, ẹ forí jì mí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Lẹ́tà kan ló dé tí kò ṣeé fi sílẹ̀. Orogún lè dúró. Ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ ń gbóná kò lè dúró. Ẹ jẹ́ kí n kà á sí yín létí.

"Ìyá Àgbà wa, mo kí yín o. Èlùbọ́ àti gàrí ni mo ń tà. Lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni mo ń rà ìwé yín. Bí n kò bá ráyè, ọmọ iṣẹ́ aránṣọ tó wà níwájú ìsọ̀ mi ló máa ń kà á fún mi. Ọmọ mi kẹta, ọkùnrin, ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni. Lọ́jọ́ Ajé, ara rẹ̀ gbóná bí iná. Mo gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba àdúgbò wa, wọ́n gún un níka, wọ́n ní ibà ni. Wọ́n fún wa ní oògùn oníhóró tó ń yòrò sínú omi, pé kó lò ó lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ìyá Àgbà, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ wọlé, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́, kò lágbára àtijà. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó tu gbogbo rẹ̀ sí mi lójú. Ìyá ọkọ mi ní kí n gbé e wá. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n di imú rẹ̀, wọ́n sì da oògùn náà sí i lẹ́nu. Oògùn pá ọmọ lórí. Ojú rẹ̀ yí, ètè rẹ̀ dúdú, n kò mọ ìgbà tí mo ké. Ọlọ́run ló yọ wá, ó wúkọ́ wúkọ́, ó bì í jáde. Láti ìgbà náà, bó bá ti rí ṣíbí lọ́wọ́ mi báyìí, abẹ́ tábìlì ló ń sá sí. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹfà tó yẹ kó lò, bóyá ni ẹ̀ẹ̀mejì wọnú rẹ̀. Ara rẹ̀ tún ti ń gbóná lálaalẹ́.

Ìyá ọkọ mi ní mo ń kẹ́ ọmọ bàjẹ́ ni, pé gbogbo ọmọ méje tí àwọn bí, bẹ́ẹ̀ náà làwọn ṣe rọ wọ́n lágbo, kò sì sí èyí tó kú nínú wọn. Wọ́n ní kí n da oògùn òyìnbó nù, kí àwọn se àgbo. Ọkọ mi, tó ń ṣe fọkanáísà, kò dá sí i. Ó ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ìyá Àgbà, kí ni kí n ṣe? Ẹ̀rù ń bà mí láti di imú ọmọ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí kí ibà má pa á. – Ìyá tí ọ̀rọ̀ sú."

Ọmọ mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Kí n tó sọ ohunkóhun, gbọ́ èyí ná: bí ìwé yìí bá bá ọ lọ́jà, pa ìsọ̀ rẹ dé, kí o gbé ọmọ náà padà sí ọsibítù náà lónìí. Má dúró de ọ̀la. Oògùn tí a lò ní ìdajì, bí ẹni pa ejò tí kò pa orí rẹ̀ ni. Sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló wọlé." Má tijú. Má purọ́ pé ó lò ó tán. Bí o bá purọ́, wọ́n lè rò pé oògùn náà ni kò ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì lọ fi òmíràn tí kò yẹ ẹ́ rọ́pò rẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n, kí wọ́n fún ọ ní òmíràn tó pé. Sọ ti oògùn tó pá a lórí náà fún wọn, kí wọ́n gbọ́ bí àyà rẹ̀ ti ń mí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ tèmi fún gbogbo yín. Ẹni tó bá máa bá ìyá ọkọ elòmíràn wí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá ara rẹ̀ wí.

Ní ọdún 1981, ọmọ mi kejì ò ju ọdún kan àbọ̀ lọ. Ibà mú un. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà tó mi, ẹ rántí klorokúìnì. Ẹ rántí bó ti ń korò dé ìdí ahọ́n, ẹ rántí bó ti ń yún àwọn mìíràn lára mọ́jú. Mo lọ̀ ọ́ sínú ṣíbí, mo fi omi díẹ̀ pò ó. Ọmọ ní òun ò gbà. Inú bí mi, torí ọjà Ọjọ́rú ni, mo sì ti pẹ́. Mo jókòó sórí àpótí, mo na ẹsẹ̀, mo gbé e dùbúlẹ̀ sórí itan, mo fi ọwọ́ òsì di imú rẹ̀. Ó lanu láti sunkún, mo da gbogbo rẹ̀ sí i lọ́fun. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun. Ó wúkọ́ títí, mo gbé e pọ̀n, ó di ọjà.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ ń mí hẹlẹhẹlẹ, àyà rẹ̀ ń wọlé bó bá ti ń mí. Nígbà tí mo dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì àgbà kan bi mí pé báwo ni mo ṣe fún un lóògùn. Mo fi ọwọ́ júwe. Obìnrin náà wò mí, ó ní, "Ìyá ọmọ, inú ni oògùn ń gbé ṣiṣẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ rà á sí." Ọjọ́ mọ́kànlá la lò níbẹ̀. Ọlọ́run bá mi dá a sí. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí, ó ń jó irin mọ́ irin, ó sì sanra jù mí lọ. Ṣùgbọ́n títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, bí mo bá na ṣíbí sí i, ìbáà jẹ́ ti ọbẹ̀, á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìbẹ̀rù yẹn, kì í ṣe oògùn.

Ẹ jẹ́ ká yé ara wa. Ọ̀nà méjì ló wà ní ọ̀fun: ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún èémí. Nígbà tí a bá gbé nǹkan mì, ìdérí kan á bo ọ̀nà èémí. Ọmọ tí a di ní imú, ẹnu nìkan ló kù fún un láti mí. Bó bá ti fa èémí báyìí, ìdérí yẹn á ṣí, ohun tó wà lẹ́nu á sì bá èémí wọlé sí ẹ̀dọ̀fóró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ tó ń sunkún kíkan, àti ti ọmọ tí a dá dùbúlẹ̀ gbalaja. Ìbáà jẹ́ àgbo, ìbáà jẹ́ ẹ̀kọ, ìbáà jẹ́ oògùn òyìnbó, bákan náà ni. Àwọn ìyá wa rọ̀ wá, a kò kú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó kú kò sí níbí láti bá wa jiyàn. Àwọn tí wọ́n ní "ikọ́ lásán ló pa á", ta ló mọ ohun tó wọ̀ wọ́n láyà?

Àwọn àgbà ló kúkú sọ ọ́: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Báwo wá ni a ṣe ń fi ẹ̀sọ̀ mú ọmọ ọdún méjì tí orí rẹ̀ le? Ẹ gbọ́ mi.

Èkínní, fi ọkàn rẹ balẹ̀. Má fún ọmọ lóògùn nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ kan ti wà lójú títì. Ọmọdé mọ̀ bí ìyá rẹ̀ bá ń kánjú. Á fi ìyẹn bá ọ jà. Jí ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ìgbà tí o ń jí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ní kí gàrí máà tà.

Èkejì, jẹ́ kó jókòó. Gbé e jókòó sí itan rẹ, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti àyà rẹ, kí orí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Apá rẹ̀ kan á wà lábẹ́ abíyá rẹ, o ó fi ọwọ́ rẹ kan di ìkejì mú jẹ́jẹ́. Bó bá jẹ́ oníjà, fi ìró wé e láti èjìká dé orúnkún bí ìgbà tí a wé ọmọ tuntun. Ìdìmọ́ra ni kó jẹ́, kì í ṣe ìdè ọ̀daràn.

Ẹ̀kẹta, wá síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Kò wọ́n, kẹ́mísíìtì gidi á tà á fún ọ, ọsibítù mìíràn á fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí ló dára ju ṣíbí lọ fún ọmọ tó ń tutọ́. Má tọ́ka rẹ̀ sí ọ̀nà ọ̀fun. Ki ẹnu rẹ̀ bọ ẹ̀gbẹ́, láàrin ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín. Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kó gbé e mì. Dúró. Tún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ohun tó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kì í rọrùn láti tu, kì í sì í sábà pá ọmọ lórí. Tí ọmọ bá ń ké kíkan, dúró kó mí sínú kó dákẹ́ ná.

Tí a bá ti ń sọ ti ṣíbí, ẹ̀yin ìyá, ṣíbí ilé wa kò dọ́gba. Bí dókítà bá ní ṣíbí kékeré kan, mílílítà 5 ló ń sọ. Ṣíbí tí ìwọ fi ń ro ṣúgà nínú tíì lè dín, ó sì lè lé. Ìdérí tàbí ṣíbí onílà tó bá oògùn wá nínú páálí ni kí o fi wọ̀n ọ́n, tàbí síríǹjì tí nọ́ḿbà wà lára rẹ̀. Ìwọ tí o mọ bí kóńgò èlùbọ́ ti ń yàtọ̀ sí kóńgò, o ò gbọdọ̀ jẹ́ kí a rẹ́ ọmọ rẹ jẹ nínú ìwọ̀n oògùn.

Ẹ̀kẹrin, má bi í pé, "Ṣé wàá lo oògùn?" Ọmọ ọdún méjì, "rárá" ni ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè gbogbo. Bi í pé, "Ife pupa ni àbí ife búlúù? Orí itan Màámi ni àbí orí itan Màmá Àgbà?" Bó bá ti mú ọ̀kan, ó ti gbà láti lò ó, kò sì mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà, ẹ mọ ọgbọ́n yìí. Ṣé ẹ máa ń bi oníbàárà pé, "Ṣé ẹ máa rà?" Àbí ẹ ń bi í pé, "Kóńgò méjì ni àbí mẹ́ta?"

Ẹ̀karùn-ún, sọ òtítọ́ fún un. Má ní kò korò bó bá korò. Sọ pé, "Ó korò díẹ̀, a ó sì mu omi tútù lé e kíákíá." Kó tó lò ó, fún un ní omi tútù tàbí yìnyín díẹ̀ kó lá, ahọ́n tó ti tutù kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìkorò. Bó bá ti gbé e mì tán, fún un ní àkàmù oníṣúgà tàbí ohun tó fẹ́ràn.

Ẹ má sì pe oògùn ní súùtì láéláé. Ará ọjà wa kan wà tó ń pe oògùn ara gbígbóná bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ gun àga lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣí ìgò náà, ó mu ún ju ìdajì lọ. Ọmọ ò jẹ̀bi. Súùtì ni ìyá rẹ̀ pè é. Ọsibítù ni wọ́n sáré gbé e lọ. Gbogbo oògùn, kódà èyí tí ó ń dùn, òkè ni kó wà, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.

Ẹ̀kẹfà, yìn ín. Bó bá gbé e mì, pàtẹ́wọ́ fún un, ki oríkì rẹ̀. Bó jẹ́ Àjàní, kí ilé gbọ́. Bó jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, kí àdúgbò gbọ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tí orí rẹ̀ kì í wú bí a bá kì í. Bí kò bá sì gbà, má nà án. Gbé e sọ̀kalẹ̀, jẹ́ kó ṣeré ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o tún padà. Fún bèbí rẹ̀ lóògùn kọ́kọ́, fún bàbá rẹ̀ ní omi lásán nínú síríǹjì kó rí i. Àwọn ọmọ mìíràn á ní àwọn fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́, kí ọwọ́ tìrẹ wà lórí ọwọ́ rẹ̀.

Ó kù nípa ti pípò ó mọ́ oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ ìyá á da oògùn sínú odidi abọ́ àkàmù. Ọmọ á mu ṣíbí mẹ́ta, á ní ó tó. Oògùn mélòó ló wọlé? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí o bá máa pò ó, kó jẹ́ ṣíbí kan péré, tó máa tán lẹ́ẹ̀kan. Kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tàbí oníkẹ́mísíìtì, torí oògùn kan wà tí a kò gbọdọ̀ lọ̀, òmíràn sì wà tí kò fẹ́ mílíìkì. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ lá oyin rárá, ìbáà jẹ́ láti fi mu oògùn. Àìsàn líle kan wà tó ń gba inú oyin mú ọmọ ọwọ́.

Wàyí o, ọmọ mi, ní ti oògùn ibà tí wọ́n fún ọ gan-an. Láti 2005 ni ìjọba Nàìjíríà ti fi klorokúìnì sílẹ̀, torí ibà ti mọ̀ ọ́n lára, wọ́n sì mú àwọn oògùn alápapọ̀ tí wọ́n ń pè ní ACT. Èyí tó wọ́pọ̀ jù fún ọmọdé ni artemether òun lumefantrine. Hóró kan ni fún ọmọ tó wọ̀n láti kílò 5 títí dé ìsàlẹ̀ kílò 15, hóró méjì fún èyí tó wọ̀n láti 15 títí dé ìsàlẹ̀ 25. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Ojú kì í wọn ọmọ. Bó bá lo ti àkọ́kọ́, ti ìkejì á tẹ̀lé e lẹ́yìn wákàtí 8. Lẹ́yìn náà, àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ méjì sí i. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹfà. Má dúró ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nítorí pé ọmọ ti ń sáré kiri. Ara gbígbóná lè lọ, kí ibà ṣì kù nínú ẹ̀jẹ̀.

Oògùn yìí fẹ́ràn ọ̀rá. Fún ọmọ ní ọmú, tàbí àkàmù oní-mílíìkì, tàbí àkàrà, tàbí mọ́ínmọ́ín tí a fi epo sí, kó tó lò ó tàbí lẹ́yìn tó bá lò ó tán. Inú òfìfo kì í jẹ́ kó wọ ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Bí ọmọ bá sì bì í láàrin wákàtí kan tó lò ó, tún un fún un. Nígbà náà, oògùn á dín kan. Padà lọ gba ìkan sí i, má fi ìkan dín in. Bó bá tún bì í, ilé kọ́ ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò parí sí. Gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí n tún fi ti ìgbẹ́ gbuuru kún un, torí ọ̀nà kan náà ni. Omi O.R.S. ni oògùn rẹ̀. Wo ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sára ápò náà; bó bá jẹ́ ti lítà 1, píọ̀-wọ́tà 50cl méjì ló tó o. Díẹ̀díẹ̀ la ń fún ọmọ, ṣíbí kan lẹ́yìn ṣíbí kan. Bó bá bì, dúró ìṣẹ́jú 10, kí o tún bẹ̀rẹ̀, kí o rọra jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n á fún ọ ní hóró síńkì mọ́ ọn, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ 10, kódà bí ìgbẹ́ náà bá ti dá. Yòrò rẹ̀ sínú ṣíbí omi kan tàbí omi ọmú. Ọ̀pọ̀ ń fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Ẹ parí rẹ̀.

Nísinsìnyí, ìyá ọkọ. Ọmọ mi, má bá wọn jà. Ohun tí wọ́n ṣe, ìfẹ́ ló sún wọn ṣe é, ọgbọ́n ìgbà tiwọn sì ni. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí o bá ń lọ sí ọsibítù lónìí, kúnlẹ̀, kí o ní, "Màámi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi lọ, n kò lè dá gbé e." Ní ibẹ̀, jẹ́ kí nọ́ọ̀sì bi wọ́n bí wọ́n ti fún un lóògùn. Ohun tí ẹnu ìyàwó ilé bá sọ, àfojúdi ni. Ohun tí ẹnu nọ́ọ̀sì bá sọ, ìmọ̀ràn ni. Bí ẹ bá délé, fún wọn ní iṣẹ́ tó yẹ àgbà: kí wọ́n gbé ọmọ sórí itan, kí wọ́n máa ki oríkì rẹ̀, kí ìwọ máa tẹ síríǹjì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọwọ́ tó di imú yẹn náà ni yóò fà á mọ́ra.

Ní ti àgbo, n kò ní bú ewé àwọn bàbá wa. Ṣùgbọ́n àgbo kò ní ìlà ìwọ̀n. A kò mọ iye tó wọ inú ọmọ kílò 11. Má pa á pọ̀ mọ́ oògùn ọsibítù, má sì fi í rọ́pò rẹ̀. Èyí tó burú jù ni àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà tí àwọn kan ń rọ ọmọ tí gìrì mú. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó sì ti rán ọmọ púpọ̀ lọ sọ́run. Ọmọ tí gìrì ń mú lọ́wọ́, a kì í fi ohunkóhun sí i lẹ́nu: kì í ṣe àgbo, kì í ṣe epo, kì í ṣe ṣíbí. Yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí o sì máa sáré gbé e lọ.

Ìwọ fọkanáísà, ọkọ ọmọ mi, mo mọ̀ pé wọ́n á ka èyí sí ọ létí. Ọ̀rọ̀ obìnrin kọ́ ni. Ẹni tó lè di táyà ọkọ̀ akẹ́rù mú, ó lè di ọmọ rẹ̀ mú jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ bá jókòó tì, ìjà rẹ̀ máa ń dín. Lọ́jọ́ mẹ́ta péré, àárọ̀ àti alẹ́, kí o wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá gbogbo, ẹ gé ibí yìí kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọmọ tí kò lè mu omi tàbí ọmú mọ́. Tó ń bì gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu rẹ̀. Tí gìrì mú. Tó ń sùn tí kò ṣeé jí dáadáa. Tó ń mí hẹlẹhẹlẹ: ẹ má bá a fa oògùn mọ́, ọsibítù ló kù. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ tí kò gba ẹnu. Oògùn ibà kan tilẹ̀ wà tí òṣìṣẹ́ ìlera lè fi sí ìdí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, kó lè dé ọsibítù ńlá láàyè.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ẹ má ra oògùn ọmọ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri nínú bọ́ọ̀sì. Ní ìparí ọdún 2008, oògùn olómi kan tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín jáde ní Nàìjíríà wa yìí, kẹ́míkà olóró kan, diethylene glycol, sì wà nínú rẹ̀. Kó tó di pé ọwọ́ ká a, ó ti ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́, ó lé ní 80 ọmọ tó kú. Ní 2022, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Gáḿbíà. Àwọn ìyá yẹn ò di imú ọmọ kankan. Ó dùn lẹ́nu, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wo nọ́ḿbà NAFDAC lára páálí, ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ilé oògùn tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ sì ti rà á. Oògùn ibà púpọ̀ ní ibi tí a ń ha, tí a ó fi nọ́ḿbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù láti mọ̀ bó bá jẹ́ ojúlówó.

Ọmọ mi, Ìyá tí ọ̀rọ̀ sú, kò ní sú ọ mọ́. Bí ọmọ náà bá lo ẹ̀ẹ̀mẹfà pé, kọ̀wé sí mi, kí o sọ ife tó yàn fún mi, pupa ni àbí búlúù. N ó kà á fún gbogbo ayé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọgbọ́n mìíràn tí ẹ fi mú ọmọ olórí kunkun lo oògùn, ẹ fi ránṣẹ́, kó má gùn jù. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó di dandan, a ó parí ẹjọ́ orogún méjì tí wọ́n jọ ra fìríìjì kan. Ọlọ́run á wo àwọn ọmọ wa sàn. Ó dàbọ̀ ná.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Àgbà